Kẹ́tùlù tí ẹnikẹ́ni kò gbé kaná: bí wáyà bátìrì ṣe jó nínú ọkọ̀-ilé kan ní Kent

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù wọn. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn níwájú ọkọ̀-ilé wọn, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome. Gillingham ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti gbéra, Margate ni wọ́n ń lọ, ọkọ̀ sì ti kọjá Sittingbourne lórí òpópónà M2. Bátìrì tó ń gbé iná inú ilé ọkọ̀ náà máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀: ó ń sọ iye fóòtì tó wà nínú rẹ̀ àti iye áńpù, ìyẹn bí iná tó ń jáde lára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìyá fẹ́ràn láti máa wò ó lójú ọ̀nà. Gbogbo nǹkan ló wà ní pípa, iye áńpù tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju 1 tàbí 2 lọ. 156 ni wọ́n bá níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló gbé kẹ́tùlù kaná?"

Kẹ́tùlù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí Bàbá tó fèsì, òórùn ike tó ń jó ti gba iwájú ọkọ̀ kan, Ìyá sì pariwo pé àga ń gbóná lábẹ́ àwọn. Abẹ́ àga yẹn gan-an ni bátìrì wà.

Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n dìde lọ yí swíìṣì pupa ńlá tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀, èyí tí wọ́n ti sọ fún wọn pé ó ń pa gbogbo iná. Nọ́ńbà orí fóònù kò yí padà. Èéfín ti ń rú láti abẹ́ àga. Àwọn méjèèjì gba ilẹ̀kùn apá òsì jáde, wọ́n kọjá sí ẹ̀yìn irin tó wà létí òpópónà, wọ́n sì pe 999. Nígbà tí àwọn panápaná dé, ọ̀kan nínú wọn ṣí ìdí àga náà, ó fi pílíásì ńlá tí rọ́bà bò lọ́wọ́ gé wáyà dúdú tó wà lórí bátìrì. Bó ṣe gé e ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Fóòmù abẹ́ àga ti dúdú, kápẹ́ẹ̀tì ti jó tó àwo ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn títí di òní, nítorí pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí fóòmù náà gbiná.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló pè mí lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ ríwáyà ni mo kọ́ ní Mushin, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Láti ìgbà tí mo ti dé Kent, wáyà ọkọ̀-ilé ni mo ń ṣe jù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá àti Ìyá kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n sì kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn ẹbí wọn tó ní ínfátà nílé ní Ìbàdàn náà lè kà á.

Ọkọ̀ náà jẹ́ Fiat Ducato tí wọ́n sọ di ilé, àlòkù ni wọ́n rà á. Irú ọkọ̀ báyìí kì í ní bátìrì kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà fún títa ẹ́ńjìnì, ìkejì wà fún ilé: gílóòbù, ẹ̀rọ omi, fáànù, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Nígbà tí wọ́n rà á, bátìrì ilé rẹ̀ jẹ́ alásíìdì, 100 áńpù-wákàtí (ìwọ̀n iná tó lè gbé pamọ́), ó sì ti gbó. Ìyá sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti ń chájì rẹ̀, inú ọkọ̀ á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó yẹ kí òórùn yẹn lé ènìyàn jáde. Bátìrì alásíìdì tí chájì ti pọ̀ jù fún, tàbí tí yàrá inú rẹ̀ kan ti kú, máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, òun ni imú ń gbọ́. Èyí tó ń bá a jáde, haidirójìn, kò ní òórùn rárá, bẹ́ẹ̀ bó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibi tó pamọ́ sí, iná kékeré tó bá ta pàrà lára swíìṣì kan lè mú un bú gbàù. Ìdí nìyí tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi máa ń jáde láti ara irú bátìrì bẹ́ẹ̀ gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ síta. Ti ọkọ̀ yìí ti já. Nítorí náà, Bàbá kò ṣe àṣìṣe nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ bátìrì náà.

Lítíọ́mù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, 200 áńpù-wákàtí. Wọ́n sì ra ínfátà 2,000 wáàtì mọ́ ọn, nítorí Ìyá fẹ́ máa se omi tíì, kí wọ́n sì lè lọ ata wọn níbikíbi tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí láìwá ibi tí wọ́n á ki iná bọ̀. Ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ ló bá wọn so ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan. N kò bá ẹni náà jà, ó fẹ́ ṣe wọ́n lóore ni. Ohun tó so ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Mo gbé àga kúrò, mo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo ya fọ́tò kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wáyà pupa kan ti orí bátìrì wá, ó gba ihò kan lára irin ìdí àga kọjá, ó wá rìn lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní mítà 3 títí dé inú wọ́dúróòbù ẹ̀yìn tí wọ́n gbé ínfátà sí. Etí ihò náà mú bí abẹ. Kò sí rọ́bà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, wáyà ń yí lórí etí irin, díẹ̀díẹ̀ irin náà ń jẹ awọ rẹ̀, títí ó fi kan ẹran inú. Níbi tí wọ́n ti pàdé, irin ti yọ́, ó sì ti di wóróbo kékeré mẹ́ta tó ń dán bí orí abẹ́rẹ́. Awọ wáyà náà ti ṣí kúrò tó ọwọ́ kan sápá ọ̀tún àti sápá òsì.

Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ibẹ̀ nìkan. Mo fa wáyà yẹn jáde láti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́ níbi tó jìnnà sí ihò náà dáadáa. Awọ rẹ̀ sán, ó fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Wáyà tó jó lẹ́ẹ̀kan péré kì í rí bẹ́ẹ̀, wáyà tó ti ń gbóná tipẹ́ ni. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Lókè ó pọ́n bíi kópà, nísàlẹ̀ ó funfun. Alumínìọ̀mù ni wọ́n fi kópà fẹ́ẹ́rẹ́ bò lójú, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ orin ńlá sínú ọkọ̀. Wọ́n kọ 16 mm² sára rẹ̀, ìyẹn bí wáyà ṣe nípọn tó. Kópà gidi tó jẹ́ 16 mm² kò tó fún ínfátà yẹn, ká má tilẹ̀ sọ èyí tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 10 ti kópà lọ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kẹ́tùlù Ìyá ń gba 1,800 wáàtì. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà nǹkan bí 2,000 wáàtì ló ń jáde lára bátìrì. Ẹ fi fóòtì 13 pín in: nǹkan bí 154 áńpù. Bí 154 áńpù bá ń gba inú wáyà yẹn, mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ á máa gbóná bí ẹni tó tan gílóòbù àtijọ́ 40 wáàtì sínú rẹ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá se tíì, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, ni wọ́n ń se wáyà náà pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ tí wáyà bíríìjì, 156 áńpù ni fóònù Ìyá kà. Ẹ wo bó ṣe súnmọ́ ti kẹ́tùlù tó. Ìbéèrè tí Bàbá bi mí nìyí: "Wọ́n ní bátìrì yìí ní ọpọlọ nínú, pé ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Kí ló dé tí kò pa ara rẹ̀?"

Òótọ́ ni, lítíọ́mù ní ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní BMS. Ó ń wo yàrá mẹ́rin tó wà nínú bátìrì, ó ń wo ooru, ó ń wo áńpù. Ti bátìrì yìí gba 200 áńpù láàyè láìdáwọ́ dúró. Ká ní wáyà náà gbá irin mú dáadáa ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù ì bá tú jáde, BMS ì bá sì pa á kí ojú tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbá a mú. Etí irin lásán ló ń ha á, iná sì ní láti gba ara kíkùn, bóòtù ìdí àga àti wáyà ẹ́ẹ̀tì kékeré kó tó padà sí bátìrì. Gbogbo ìwọ̀nyẹn dí i lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì dúró sí 156. Lójú BMS, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ìyẹn àti ẹni tó ń se tíì. Agbára kẹ́tùlù kan odidi ń tú sára irin tó wà lábẹ́ ìdí ènìyàn, bátìrì sì rò pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. BMS ń ṣọ́ bátìrì. Kò mọ wáyà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un bí wáyà ṣe tóbi tó.

Fíúsì ló mọ wáyà.

Fíúsì kan wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mo bá a nínú wọ́dúróòbù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, 300 áńpù, ó mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àṣìṣe méjì ló wà lára rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìdí wáyà ni wọ́n so ó mọ́, bẹ́ẹ̀ orí wáyà ni bátìrì wà. Iná tó jáde lára bátìrì ti gba ihò àga bá irin lọ, kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ fíúsì. Swíìṣì pupa tí Bàbá yí náà wà lẹ́yìn ihò yẹn lójú ọ̀nà iná, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe nǹkan kan. Ìkejì, ẹni tó fi 300 síbẹ̀ wo ínfátà, kò wo wáyà. Ínfátà ní ààbò tirẹ̀ nínú. Wáyà kò ní ẹlòmíràn ju fíúsì lọ, nítorí náà wáyà tó kéré jù lọ lójú ọ̀nà náà ló yẹ kó sọ iye fíúsì.

Èmi fúnra mi kò tètè mọ èyí. Ní Mushin, mo rí i tí àwọn ènìyàn ń fa irun wáyà kan yọ, wọ́n á yí i mọ́ fíúsì tó jó, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ọ̀gá mi kì í gbà á. Wọ́n á gba ọkọ̀ náà, wọ́n á bi ẹni tó ni ín pé kí ni fíúsì náà rí kó tó jó. Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò ni. Abẹ́ àga Ìyá Ìbejì yìí ni mo ti rántí ìbéèrè wọn, nítorí fíúsì 80 áńpù ló bá wáyà yẹn mu. Ká ní òun ni wọ́n fi sí orí bátìrì, ì bá ti jó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá gbé kẹ́tùlù kaná, nínú ilé ara wọn, kí wọ́n tó gbéra rárá. Wọ́n ì bá bínú. Wọ́n ì bá pe ẹni tó so ó, ọ̀rọ̀ wáyà tó kéré ì bá sì ti jáde nígbà náà.

Mo bá ọ̀kan tó jọ bẹ́ẹ̀ ní apá ẹ́ńjìnì. Relay (swíìṣì tí iná ń ṣí) tó ń jẹ́ kí alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná) chájì bátìrì ilé ní fíúsì 30 áńpù tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé lítíọ́mù síbẹ̀ ló ti ń jó, torí lítíọ́mù kì í ṣe bíi ti alásíìdì tó ń gba chájì ní ìwọ̀nba, gbogbo ohun tí alternator bá ní ló fẹ́ gbà. Wọ́n fi 60 sí i. Fíúsì kò jó mọ́. Relay ló jó. Ojú inú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tí mo là á, kò sì gbé iná kankan mọ́.

Kí n tó tún ohunkóhun so, ọ̀rọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀ dé. Mo gbé e síta, ó jìnnà sí ilé, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Kò wú, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì dọ́gba ní fóòtì 3.3. Ṣùgbọ́n ike orí rẹ̀ lápá wáyà pupa ti rọ̀, ó sì ti fà sínú. Bàbá ní owó ńlá ni àwọn fi rà á, pé ṣé kò ṣeé lò ni. Mo sọ fún wọn pé ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n n kò rí inú rẹ̀, n kò mọ bí ooru náà ṣe wọlé tó, n kò sì lè dá a padà sábẹ́ ibi tí ènìyàn ń jókòó sí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ìyá ló parí ọ̀rọ̀ náà: "Èmi ò ní jókòó lórí àga yẹn mọ́ bó bá padà síbẹ̀. Tuntun náà, ẹ máa ṣàlàyé fún mi kí n tó jókòó." A gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba bátìrì, a kò jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

Nígbà tí mo máa tún un so, mo gbé ínfátà kúrò ní ẹ̀yìn wá sí ẹ̀yìn àga, wáyà tó jẹ́ mítà 3 sì di mítà 1.2. Kópà gidi ni, 70 mm², pupa àti dúdú. Fíúsì 250 áńpù wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí orí bátìrì. Mo ka ìlànà EN 1648-2 tó wà fún iná 12 fóòtì nínú irú ọkọ̀ yìí, mo sì fẹ́ràn ohun tí àwọn ABYC tó ń ṣe ìlànà ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà sọ: fíúsì kò gbọdọ̀ jìnnà ju ínṣì 7 lọ sí ibi tí iná ti ń wá, àyàfi bí ìbòrí mìíràn bá wà lára wáyà. Irú tí wọ́n ń pè ní Class T ni mo lò. Ó wọ́n, Bàbá sì béèrè ìdí tí a kò fi lo èyí tó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lítíọ́mù lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù lẹ́ẹ̀kan bó bá bíríìjì gidi. Fíúsì kékeré ọkọ̀ tó ní abẹ méjì lè gé tó 1,000 áńpù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú fíúsì lè jó tán kí iná ṣì máa fò láàrin rẹ̀ kọjá. Class T lè gé 20,000. Swíìṣì pupa wá tẹ̀lé fíúsì náà tààrà, kó tó kan ohunkóhun mìíràn, ó sì wà níbi tí ọwọ́ Ìyá ti lè tó o láti orí àga.

Relay kò padà síbẹ̀. Chájà tó ń gba iná lára bátìrì ẹ́ńjìnì fún ti ilé ni mo fi rọ́pò rẹ̀, 30 áńpù ni, kò lè fún lítíọ́mù ju ìyẹn lọ bó ti wù kí ebi máa pa á. Wáyà tiẹ̀ ní fíúsì 40 ní orí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn máa ń fi ẹyọ kan síbẹ̀, wọ́n á gbàgbé pé bátìrì wà ní ìhín, bátìrì wà ní ọ̀hún, pé bí wáyà náà bá kan irin láàrin, àwọn méjèèjì ló máa da iná sí i. Rọ́bà wọ gbogbo ihò, mo sì ki wáyà sínú páìpù rọ́bà níbi tó bá ti kan irin. Apá iná 230 fóòtì kò ní ìṣòro: RCD 30 mA (swíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò) tó wà níbẹ̀ já nígbà tí mo dán an wò.

Ìdánwò tó kẹ́yìn gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìyá bu omi kún kẹ́tùlù, wọ́n gbé e kaná, mo sì fi mítà wọ̀n gbogbo ojú ibi tí wáyà ti pàdé nǹkan, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iná ṣe ń lọ. Ibi tó dára kò gbọdọ̀ jẹ ju mílífóòtì díẹ̀ lọ nínú fóòtì tó ń gba ibẹ̀ kọjá; mílífóòtì kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 fóòtì. Swíìṣì jẹ 9. Fíúsì jẹ 31, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Orí wáyà dúdú tó wọ ínfátà jẹ 90. Ó le lọ́wọ́, ó dán, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, n kò sì rí àléébù kankan lójú. Ṣùgbọ́n 90 mílífóòtì lórí 150 áńpù ju 13 wáàtì lọ, ìyẹn sì tó láti máa jó ike díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó. Mo fi ìka kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gé e dànù, mo tẹ òmíràn, a tún omi sè. Ó jẹ 6.

Ìyá ti ń wo fóònù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. "153," wọ́n kà á sókè. Mo ní kí wọ́n yí swíìṣì pupa. Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n yí i. Nọ́ńbà náà bọ́ sí 0, kẹ́tùlù sì dákẹ́. Wọ́n yí i padà, 153. Wọ́n tún yí i, 0. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi fóònù sínú báàgì, wọ́n jókòó lórí àga wọn, wọ́n sì ní kí Bàbá Ìbejì wá gbé tíì tiwọn.